Ẹni Tó Fọ Iyanrìn Kúrò Lójú Kámẹ́rà

Ìmọ́tótó dára, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ aṣọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ní ọsibítù, ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀wù àwọn dókítà, Alágbàfọ̀ sì ni gbogbo èèyàn ń pè é títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó máa ń fọ okùn tí yóò sá aṣọ lé. Ó máa ń fọ ìdí garawa. Bí òjò bá rọ̀ sí ojú fèrèsé, yóò dúró kó dá, yóò wá fọ fèrèsé náà dáadáa, ó ní òun ò mọ ibi tí òjò ọ̀hún ti ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó fẹ̀yìntì, ó fọ gbogbo ohun tó wà nílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ohun tó dọ̀tí mọ́, àyà rẹ̀ wá ń já. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Onífọ́tò ni ìyàwó rẹ̀. Ayé ìgbà tí à ń ki fíìmù sínú kámẹ́rà ni mò ń sọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì ilé-iṣẹ́ omi: yàrá kan péré, igun òkùnkùn kan tó ti ń fọ fíìmù, aṣọ funfun lára ògiri, àpótí ìjókòó kan, iná méjì lórí ọ̀pá, àti díńgí tí wọ́n fi okùn so ìyàrun mọ́ kí oníbàárà má baà gbé e lọ. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni tọkọtaya yìí fi ń ríra. Nísinsìnyí Alágbàfọ̀ wá rí i pé ìyàwó òun máa ń kọrin sínú tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń bá kọ́là ẹ̀wù àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n tún yà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò gbélé. Ó nu bàtà oníbàárà tó fẹ́ ya ojú nìkan. Ó fi kànìnkànìn fọ etí bàbá arúgbó kan láìjẹ́ pé bàbá náà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di pé ó fọ fọ́tò tó ti gbẹ, tí ojú ìyàwó ilé kan sì ṣí kúrò lára rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é.

"Bàbá wa, ẹ gbọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún fọ ohunkóhun nínú ṣọ́ọ̀bù yìí láìbi mí léèrè, ilé lẹ máa wà. Ẹ ò ní tẹ̀ lé mi débí mọ́."

"Mo ti gbọ́, Ìyá wa."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta ni ilé-iṣẹ́ omi gbéṣẹ́ dé: kí Onífọ́tò ya àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fún káàdì ìdánimọ̀. Láti múra sílẹ̀, Onífọ́tò gbé kámẹ́rà lé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní kí ọkọ òun yọjú wo bóyá àpótí ìjókòó wà láàárín. Alágbàfọ̀ yọjú. Ló bá pariwo.

"Ìyá wa! Iyanrìn ti wọnú kámẹ́rà rẹ!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe iyanrìn. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà níbẹ̀ bíi gíláàsì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha ara rẹ̀ kí àwòrán lè rí ibi jókòó sí, bí sinimá ṣe ń jókòó sára aṣọ funfun. Òun ni mo fi ń mọ̀ bóyá ojú èèyàn ti kedere. Híha yẹn ò ní dé inú fọ́tò láéláé."

"Ó mà pọ̀ o."

"Lẹ́ǹsì tí mo fi sí i ni ẹnu rẹ̀ kéré. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ò pọ̀, ló fi ń hàn. Tí mo bá fi ẹlẹ́nu gbòòrò sí i, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i."

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá àbàwọ́n, ṣé àlàyé ló máa wò ó sàn? Ó ń jẹun, iyanrìn ló ń rí. Ó ń fá irùngbọ̀n, iyanrìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya àwọn òṣìṣẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ lọ ra fíìmù, ó tú lẹ́ǹsì, ó sì fi ẹ̀mú kékeré yọ ike náà láti ọ̀fun kámẹ́rà. Kò fọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù o. Ó ti gbọ́ ìkìlọ̀. Orí àtẹ̀gùn ìta ló jókòó sí. Ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, iyanrìn ò lọ. Ó fi ọṣẹ ìfọyín ha á, iyanrìn ò lọ. Ó wá gbé ìpara funfun tí wọ́n fi ń dán idẹ ní ọsibítù jáde, ó fi wákàtí kan ààbọ̀ dán an, títí ike náà fi mọ́ gaara bí omi inú ife, ó wá dá a padà sáyè rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ láti sọ fún un?

Onífọ́tò dé, èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó yọjú wò. "Ó mà mọ́lẹ̀ lónìí o!" Bó ṣe ń yí òrùka lẹ́ǹsì sọ́tùn-ún, kedere. Bó ṣe ń yí i sósì, kedere. Ó ní oògùn ojú tí nọ́ọ̀sì fún òun ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta ló yà kí oòrùn tó kan àtàrí.

Fọ́tò jáde, kò sí ojú ẹnì kan níbẹ̀. Kùrukùru tó wọ táì ni ọ̀gá àgbà. Onífọ́tò sáré lọ bẹ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ omi pé kó jẹ́ kí òun tún wọn yà. Akọ̀wé ní ìwé àṣẹ sọ pé káàdì gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Ó lẹ gbogbo wọn, ó sì lu òǹtẹ̀ lé wọn.

Ìwé àṣẹ kan náà sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá bá ti káàdì mu nìkan ni kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì jẹ́ kó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ní aago méje àárọ̀, ẹ̀ṣọ́ wo káàdì ọ̀gá àgbà, ó wo ọ̀gá àgbà.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni inú káàdì yìí ò ní imú."

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́!"

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Káàdì ni ò mọ̀ yín."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ wà níta, kò sẹ́ni tó máa ṣí ẹ̀rọ, omi dá ní gbogbo ìlú. Àwọn tó gbé garawa wá fẹjọ́ sùn náà tò sẹ́yìn wọn. Akọ̀wé dámọ̀ràn pé kí ẹ̀ṣọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bọ́ ọ, gbogbo káàdì wá bá gbogbo ojú mu. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì fi káàdì olùṣírò owó wọlé. Ewúrẹ́ kan tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣọ́ sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Kíá ni wọ́n dá awò padà sójú rẹ̀.

Onífọ́tò jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́wọ́ lé itan.

"Bàbá wa, ojú mi ti lọ. Kedere ni mo rí gbogbo wọn lánàá, ẹ wá wo ohun tó jáde. Màá ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Màá wá bá yín jókòó nílé."

Ohun tí Alágbàfọ̀ ń fẹ́ gan-an nìyẹn: òun àti ìyàwó òun, lójoojúmọ́, lójú kan. Kó ṣáà má sọ̀rọ̀ ni. Tó bá sọ̀rọ̀, òun nìkan ló máa wà nílé. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, tí kò rí nǹkan ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo fọ iyanrìn yẹn."

Obìnrin náà gbé kámẹ́rà, ó yọjú wò ó pẹ́. "Áà! Àwòrán ò ríbi jókòó sí. Ibi tó bá sá lọ, ojú mi á sáré lọ bá a níbẹ̀, èmi á ní ó ti kedere." Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Ẹ fọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ìta ni mo wà. Orí àtẹ̀gùn."

"Àtẹ̀gùn ta ni?"

"Tìrẹ ni."

"Ẹ máa lọ sílé."

"Màá lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un ṣe."

Ó lọ tọrọ sáńpépà tó kúnná jù lọ́wọ́ káfíńtà. Ó ta omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ike náà roboto, roboto. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun tó mọ́ jẹ́ rí. Ó sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà ó dá ike náà padà, ó jókòó sórí àpótí, ìyàwó rẹ̀ sì fi í dán kámẹ́rà wò. Ó yí òrùka, ojú ọkọ rẹ̀ ṣú bàìbàì. Ó tún un yí, ojú náà kóra jọ láàárín iyanrìn, pẹ̀lú gbogbo hunjọhunjọ rẹ̀.

Onífọ́tò gbé kámẹ́rà sọdá. Èrò ṣáà ti tò tẹ́lẹ̀. Ó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lára géètì, ó wá fọ fíìmù. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá àgbà ní imú. Nígbà tí Onífọ́tò jáde ní igun òkùnkùn rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti dé fìlà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé. O ní kí n máa lọ."

Obìnrin náà to fọ́tò sórí tábìlì, kò wo ojú rẹ̀. "Ojú mi yìí máa lọ lóòótọ́ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi lè má mọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nílé, ta ló máa sọ òótọ́ fún mi?"

Alágbàfọ̀ bọ́ fìlà.

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn.