Igbó Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé gbogbo èéfín Nàìjíríà wà ní ìkáwọ́ mi. Inú yàrá kan ní yunifásítì tó wà ní Felele, ní Lokoja, ni èmi ọlọ́pọlọ pípé jókòó sí, tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti iná igbó ń tú sí ojú sánmà lọ́dọọdún, àti iye tí àwọn igi wa ń fà mu padà. Tí mo bá ń rìn lọ ní Otokiti, ẹ ó rò pé èmi ni mò ń bá àwọn ará àdúgbò mí èémí.

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi kò wọ igbó rí, àfi tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà Àbújá. Máàpù àtijọ́ kan ló kó lé mi lọ́wọ́: ibi tó bá ti ní àwọ̀ ewé, igbó ni. Igbó kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn àwọn òkè Oworo, tó ń fa èéfín mu bí ẹni ń mu kókó. Mo gun ọ̀kadà lọ ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé mi. Kùkùté ni mo bá, àti òkìtì èédú.

Ìyá àgbà kan ní abúlé ibẹ̀ kí mi ní ìkíni tiwọn pé, "Okun o," ó sì mú mi lọ wo odò wọn tó ti gbẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, a ti bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún wa ní igi tí a ó gbìn. Wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá kọ̀wé. Jọ̀ọ́, bá wa kọ ọ́ pé igbó ti tán." Mo búra fún un.

Nígbà tí mo yọ igbó náà kúrò nínú ìṣirò, ọ̀gá pòṣé. "Ṣé èyí ni a ó fi han àwọn àlejò Àbújá? Igbó inú máàpù la fi ń ṣiṣẹ́ níbí. Dá a padà, tàbí kí o gbàgbé ìwé ẹ̀rí." Akin ni mí lóòótọ́! Kíá ni mo dá a padà. Àwọn àlejò Àbújá pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ó jọ pé òtítọ́ ti Lokoja ṣì ń wá ọkọ̀.

Lọ́dún kejì, ìyá àgbà wá mi kàn pẹ̀lú lẹ́tà ìjọba, pé kí n bá òun ka Òyìnbó inú rẹ̀. Mo kà á: ìwádìí fi hàn pé igbó yín ṣì kún dáadáa, ẹ kò nílò igi. Ó bi mí pé, "Ta ló rí igbó náà?" Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi kún ìmọ̀ mi.

Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Irọ́ tí mo pa kò dùn mí tó àdúrà ìyá yẹn. Mo ṣe àmín sí i, ketekete.