Ọ̀já Ìyá Mojọlá

Ọmọ́yẹni ń pọ̀n ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà ni, lọ́dún 1984. Mojọlá ni orúkọ ọmọ náà. Irin tó ń gbé e ró wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, láti orúnkún dé bàtà. Ó ti ṣubú rí lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Láti ọjọ́ náà ni àyà ìyá rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Á pọ̀n ọ́n wọ kíláàsì, á jókòó sẹ́yìn bí àgbébọ̀ tó sàba, ọ̀já lórí itan. Bí agogo oúnjẹ bá lù, á tún gbé e pọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tóyìn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ran tíṣà lọ́wọ́, sún mọ́ ọn.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ọ̀gá ilé ìwé ní bí Mojọlá ò bá dá rìn lọ jẹun lónìí, àwọn á gbé e lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ yẹn."

Ọmọ́yẹni mọ yàrá náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ bíi Mojọlá sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní títì. Kò sí ọmọ kíláàsì kankan tó ń dé ibẹ̀ ṣeré. Ó yíjú sí Tóyìn.

"Bó bá ṣubú ńkọ́?"

"Á dìde."

"Ìwọ ò tíì bímọ, Tóyìn."

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ wo ilẹ̀."

Tíṣà ti fa àwọn tábìlì sẹ́yìn. Ọ̀nà fẹ̀ láti ìdí àga Mojọlá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó to àga sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọmọ rí nǹkan dì mú.

Agogo lù. Kí Ọmọ́yẹni tó mọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti kẹ̀yìn sí ọmọ.

"Mọ́mì, rárá. Ẹ má pọ̀n mí."

Charles, ọmọkùnrin tó jókòó ti Mojọlá, rẹ́rìn-ín. "Ìkókó ń lọ jẹun!"

"Ìwọ gan-an ni ìkókó!"

Mojọlá dìde. Irin dún. Ó di àga kan mú, ó di èkejì. Nídìí ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ọmọ́yẹni fò dìde. Tóyìn di ọ̀já rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró, mà."

Charles kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti àga tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Mojọlá. Mojọlá di àga náà mú, ó nàró, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ sílé, Mọ́mì."

Ọmọ́yẹni jókòó. Ìró irin ń jìnnà lọ. Ó tẹ́tí bóyá òun á gbọ́ gbì. Ó ká ọ̀já, ó fi lé àga Mojọlá. Ó tún mú un. Ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn kejì jáde, ó forí lé ilé.