Sàlúbàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Mo rántí ìgbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, tí mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti Igbókòdá títí dé etí òkun. Òyìnbó kan gbà mí síṣẹ́ nílé onípákó kan lẹ́bàá omi. Ó fi ọkọ̀ òkun kó àwọn ẹranko kan wá, wọ́n dà bí aláǹgbá, ṣùgbọ́n inú omi tútù ni wọ́n ń gbé. Bí a bá gé ẹsẹ̀ wọn, òmíràn á yọ. Èmi ni mò ń di ẹranko mú tí òyìnbó bá ń gé e. Á rẹ́ ẹsẹ̀ náà wẹ́wẹ́, á fi sínú ìgò pẹ̀lú omi tó ń bọ́ ọ, a ó sì fi awò wo bí hóró ara, tí ojú lásán kò lè rí, ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹranko ń jà lọ́wọ́ mi. N kò káàánú wọn. Dókítà ni mo ka ara mi sí.

Ìgbà náà ni ẹ̀gún ẹja gún àbúrò bàbá mi lẹ́sẹ̀ òsì, tí ẹsẹ̀ náà sì jẹrà. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní bí wọn kò bá gé e, yóò kú. Ó kọ̀. Apẹja tí kò lè dúró nínú ọkọ̀ ju àwọ̀n, kí ló kù? Ni mo bá la ẹnu mi: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹsẹ̀ ń hù nínú ìgò lọ́dọ̀ wa." Hù ni mo pè é, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Wọ́n gé e, ó sì yè. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyàwó rẹ̀ á wa ọkọ̀ gbé e wá. Á fi igi rìn dé ẹnu ọ̀nà wa, á ní: "Ọma mi, ó ti hù?" Èmi á ní: "Ó ń hù, Bàbá." Ojú ń tì mí láti sọ òótọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi pé àgbà ń bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kan, ó mú sàlúbàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wá, ó ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, kí ẹsẹ̀ náà lè mọ ibi tí yóò hù dé. Òyìnbó béèrè ohun tó wí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, mo sì bá a rín in. Bàbá wò wá, ó rò pé ayọ̀ ni, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ooru pa àwọn ẹranko náà tán. Òyìnbó padà sílùú rẹ̀, ó ní kí n palẹ̀ ilé mọ́. Mo da gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì sómi, àti ìgò àti sàlúbàtà. Mo wá sọ fún Bàbá pé òyìnbó ti gbé ẹsẹ̀ náà lọ sílé kó lè gbó dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Títí ó fi kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọ̀n rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin ín, ìyàwó rẹ̀ mú sàlúbàtà ọ̀tún dání. Ó ní: "Ọma mi, bá mi mú ti òsì wá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá a lọ́run, kí ni yóò wọ̀?" Mo jáde bí ẹni tó ń lọ mú un. Mo dúró létí omi títí wọ́n fi sin ín tán.

Ogbó ti dé, èmi náà ti ń fi igi rìn báyìí. Bí mo bá ń wọ bàtà láàárọ̀, ti òsì ni mo máa ń wọ̀ kẹ́yìn. Ojú ṣì ń tì mí.