Íńṣì Kan Tí Bàbá Alálùmọ́gàjí Bù Fún Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Alálùmọ́gàjí, ẹ fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí rẹ̀. Irin dúdú ni, ó wúwo, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ti fi ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Òun ń ránṣọ, èmi ń tún agogo ṣe. Ògiri pákó kan ló wà láàárín wa, ẹnu rẹ̀ sì máa ń la ògiri náà kọjá láràárọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè rán kóòtù, ó lè gán bọ́tìnnì, ó lè lọ aṣọ kó dán, ṣùgbọ́n gígé ò kàn án. Bàbá ní ọwọ́ òun nìkan ló ń géṣọ níbẹ̀.

Ọwọ́ yẹn náà ló wá kán. Ọmọ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé aṣọ tó wà lókè yẹn wálẹ̀." Bàbá ní ṣé òun ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni. Ó gun àpótí, àpótí yí, Bàbá balẹ̀ gbì! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi pí-ó-pí, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun, di ọwọ́ ọ̀tún náà. Nígbà tí wọ́n tú u ní ọsibítù, ohun tó jáde rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Bàbá wò ó, ó wo èkejì.

"Ta ló ni èyí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá," ni obìnrin kékeré tó ń tọ́jú iṣan níbẹ̀ wí. "Iṣan tí ò bá ríṣẹ́ ṣe, ńṣe ló ń joro."

Ó ní egungun ò lè dá gbé ara rẹ̀, iṣan ló ń fà á. Ó ní iṣan ò sì mọ títì rárá, fífà nìkan ló mọ̀, bíi òwú. Ibi tó ti dárúkọ òwú ni Bàbá ti gbórí sókè.

"Lóòótọ́ ni, òwú ò lè ti aṣọ. Kí ló wá ń la ìka mi lẹ́yìn tí mo bá ti pa á dé?"

"Iṣan mìíràn ni, lódìkejì. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì á dẹwọ́. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń fà, ọwọ́ á kàn le gbagidi ni, kò ní lọ síbì kankan."

Ó tẹ ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ Bàbá, ó ní ibẹ̀ ni iṣan tó ń pa àlùmọ́gàjí dé jókòó sí, tó ti ń fa ìka láti òkèèrè. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tòsì jẹ́ íńṣì mẹ́wàá, tọ̀tún jẹ́ mẹ́jọ. Ó ní kí Bàbá máa fún bọ́ọ̀lù àkísà, ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, ọgọ́rùn-ún nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí méjèèjì bá dọ́gba ni kó tó gé aṣọ.

Ṣé aránṣọ ni wọ́n sọ ìyẹn fún? Lọ́jọ́ kejì, apá ọ̀tún ẹ̀wù Bàbá ti sanra ju tòsì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ ẹ̀wù náà tó bá fóòmù èjìká kóòtù nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ẹ̀ bá kúkú rán ọwọ́ tuntun." Bàbá bá mú bọ́ọ̀lù àkísà.

Láàárín ìyẹn ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé tó fẹ́ fẹ̀yìn tì gbé aṣọ kóòtù wá, èyí tó nípọn, yáàdì mẹ́rin géérégé. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Bàbá búra pé ọwọ́ òun lòun máa fi gé e. Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àbúrò, bí ọwọ́ yìí ò bá padà, kí ni wọ́n á máa pè mí?"

Ẹ̀rù ń bà á, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú agogo tí mo ti tún ṣe tán.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wọn ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án àbọ̀, mẹ́wàá! Ó pariwo. Ó ju bọ́ọ̀lù àkísà sábẹ́ tábìlì, ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wa dúró yí tábìlì ká. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Ó gé e lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, àlùmọ́gàjí há sáàárín aṣọ. Bàbá gan ọwọ́, ó gan ọrùn, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ le gbagidi, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Bó bá fi ipá já a, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ ò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Téèpù ló mú, ó yí i ká ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ bàbá rẹ̀, ó fà á ṣinṣin. Mẹ́sàn-án.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń ki ìka bọ abẹ́ téèpù nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n?"

Bàbá wò ó. Ó ti ń ki ìka sábẹ́ téèpù fún gbogbo oníbàárà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí aṣọ má baà fún wọn pa. Ó ti fi àyè mímí sí iṣan. Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà tẹ̀ lé e. Kí n má parọ́, mo rín in títí ìhà fi ń dùn mí.

Àmọ́ Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ahọ́n pàápàá, iṣan ni, tirẹ̀ sì ni iṣan kan ṣoṣo tí mi ò rí kó sinmi rí. Ó sinmi lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní:

"Èmi àti ìwọ la jọ ń fà á láti ọjọ́ yìí. Ó yẹ kí ẹnì kan dẹwọ́."

Ó yọ àwọn ìka rẹ̀ kúrò nínú àlùmọ́gàjí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí bàbá rẹ̀ dé. Bàbá nu mẹ́wàá kúrò lára ògiri, ó kọ mẹ́sàn-án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bọ́ọ̀lù àkísà jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń fún un, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí ìyẹn fi gé aṣọ tán. Ó ń wá àṣìṣe tó máa bá a wí. Kò rí ẹyọ kan.