Ọjọ́ Tí Wọ́n Ti Kànga Ilé Wa Pa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ti kànga ilé wa pa ní Òkè-Baálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbúrò mi Bísí ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Màmá pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì bi Màmá pé, "Omi wo lẹ ń mu nílé?"

"Omi kànga ni, mà."

Lọ́sàn-án, àwọn wolé-wolé dé. Wọ́n ní ṣáláńgá ti sún mọ́ kànga jù. Bàbá àgbà ló gbẹ́ kànga náà. Ni Bàbá àgbà bá bú sẹ́kún: "Ṣé èmi ni mo ń fún ọmọ mi ní májèlé mu?" Bàbá àgbà fúnra wọn ni wọ́n kan pákó dí ẹnu kànga.

Ọlọ́run dá ẹ̀mí Bísí sí. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá sá tọ Bàbá àgbà lọ, ńṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kí wọ́n tó gbé e jókòó sí itan.