Bàálù Kọjá Lórí Ìkómọ

Ìsọlọ̀ ni a ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo, torí pé lẹ́yìn ogun, àwọn ológun òfurufú ti pọ̀ ju ilé inú bárékè lọ. Mẹkáníìkì bàálù ni ọkọ mi. Nígbà ogun, bárékè yẹn ni bàálù wọn ti ń kó ọta àti ọmọ ogun lọ sójú ìjà. Nígbà tí ogun tán tí owó epo dé, ẹrù ìjọba ni ó kù tí wọ́n ń gbé kiri, ọkọ mi á sì bá wọn lọ, kí bàálù má baà bàjẹ́ sọ́nà. Ibo ni wọ́n ń lọ? Wọn kì í sọ fún ìyàwó. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀? Ẹ bá mi bi Ọlọ́run.

Mo dá jẹun, mo dá sùn, mo dá gbé oyún kiri. Ó dé ibi pé mo dá ohùn bàálù rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti bàálù akérò. Àwọn ará ilé á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyàwó Bàálù, ọkọ ẹ ń kọjá o, sáré gbé omi ìwẹ̀!”

Mo bímọ, kò sí nílé. Ohun kan péré ni mo wá ń tọrọ: kí ó fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àkọ́bí wa kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

Bàbá ọkọ mi ti Èkìtì wá fún ìkómọ. Oyin ti wà nílẹ̀, iyọ̀ ti wà nílẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn bàálù ọkọ mi lókè òrùlé, ó ń lọ balẹ̀.

“Òun nìyẹn! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é!”

“Ọmọ kì í dúró de bàálù.”

“Tèmi á dúró, sà.”

Wọ́n ní ìyàwó yìí lẹ́nu o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Lándílọ́ọ̀dù wa gun fẹ́sípà lọ pè é ní géètì bárékè.

Oòrùn mú. Ọmọ ń ké. Kí lándílọ́ọ̀dù tó dé, a tún gbọ́ ohùn yẹn, ó ń gòkè lọ. Mo ní irọ́ ni, òmíràn ni. Àfi ìgbà tí lándílọ́ọ̀dù wọlé tí kò lè wò mí lójú. Sójà géètì ti sọ fún un: epo ni bàálù náà wá gbà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá tọ́ ọmọ lóyin, ó sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ilé ń ṣe “Àmín”, èmi kò lè ṣe é. Inú ń bí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí. Èrò kún yàrá náà dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ n kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn kí ọkọ mi tó dé. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ, ó la ẹnu láti pè é. Kò rí nǹkan kan pè. Ó wá yíjú sí mi.

“Kí lẹ sọ ọ́?”