Faransé tí Mo Bá Ìyàwó Ilé Wa Sọ

Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí Faransé dé ilé-ìwé wa ní Ọ̀yọ́. Látìnì ni gbogbo wa ń kọ́ tẹ́lẹ̀, a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí a óò bá sọ ọ́ láyé yìí. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wa kéde pé ẹni tó bá fẹ́ lè fi Faransé rọ́pò rẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́fà péré ló nawọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ na tèmi.

Tíṣà ni bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún wọn, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Faransé kẹ̀? Ta ni yóò bá ọ sọ ọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ṣebí àwọn ará ilé wa ló kún ọ̀hún."

Òótọ́ ni. Agboolé tí kò ní ẹni tó ń ṣòwò ní Gáná tàbí ní ilẹ̀ àwọn Faransé kò pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹlòmíràn á lo ọdún mẹ́wàá lọ́hùn-ún kó tó fojú kan ilé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí ilé-ìwé fi rán mi.

Ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan láti ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní Mísì, ló ń kọ́ wa. Faransé inú ìwé ni tirẹ̀: ológbò wà lábẹ́ tábìlì, fèrèsé ṣí sílẹ̀, àbúrò mi wà nínú ọgbà. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, n kò sì fi pa mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá jẹ́ ká lọ ra ọṣẹ ní Ọjà Akẹ̀sán, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan á máa ka orúkọ àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní Faransé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gidi. Màá ní, "Lundi, mardi?" Òun náà á mi orí, á ní, "Mercredi!" Ìyá ọlọ́ṣẹ kan fi ọwọ́ lé ìbàdí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi lẹ ń bú?" A kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, a sì ń rẹ́rìn-ín padà sílé-ìwé.

Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹrin ni mo lọ sílé fún ọdún Kérésì, tí mo bá ìyàwó tuntun nílé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló bí ọkọ rẹ̀. Ọmọ yìí ti ń ta aṣọ ní Àbíjáàn láti ìgbà tí mo ti kéré. Ó mú ìyàwó wálé pẹ̀lú oyún, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó bímọ sílé, kó mọ ará, kó gbọ́ Yorùbá.

Kò gbọ́ Yorùbá kankan. Kì í kí ènìyàn. Kì í kúnlẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ìyàwó ilé ní agbéraga ni. Ìyá Àgbà, ẹni tó ń jọ́sìn ní ìjọ Aládùúrà, gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé ọ̀rọ̀ náà lórí.

Ìyá Àgbà sọ fún mi pé, "Ẹ̀mí kan ló di ahọ́n rẹ̀. Wòlíì wa ti rí i."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Faransé tí mo ń san owó rẹ̀ dà?"

Gbogbo ilé wò mí. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Mo tún gèlè mi wé, mo sì wọlé tọ obìnrin náà lọ.

Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Mo ní "Bonjour, madame," ó sì yára yíjú padà. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀síwájú ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ fò lọ. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni ti inú ìwé wa. Mo sọ ọ́ ketekete: fèrèsé ṣí sílẹ̀.

Obìnrin náà wo fèrèsé. Ó wò mí. Ó wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde pẹ̀lú oyún nínú, ó lọ pa fèrèsé dé.

Yàrá ṣókùnkùn. Mo ní, "Rárá o, madame, inú ìwé ló wà!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ìyá Àgbà já wọlé.

"Kí lo ṣe fún un?"

"N kò ṣe nǹkan kan, Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yá débi pé n kò gbọ́ ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ó wá ń gé e sí wẹ́wẹ́ fún mi, ó ń fi ọwọ́ júwe, títí ó fi yé mi. Ìyá rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un nígbà tó ń bọ̀ pé kò gbọdọ̀ wo ìyá ọkọ lójú, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìyá ọkọ fi máa fi àṣà ilé hàn án. Látìgbà náà ló ti ń dúró. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá ó dé láyọ̀. Ní ti oúnjẹ, ata wa ń ta á láyà nítorí oyún.

Mo jáde lọ sọ fún Ìyá Àgbà.

"Ata?"

"Ata ni, Ìyá Àgbà."

"Ata lásán ni mo febi pa ara mi lé lórí!"

Wọ́n wọlé, wọ́n fa ìyàwó lọ́wọ́, wọ́n sì fi bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà hàn án. Kó tó kúnlẹ̀ tán, wọ́n ti gbá a mú. "Dìde, dìde, ọmọ mi. Ó ti tó." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọbẹ̀ tirẹ̀ wá lọ́tọ̀, kò ní ata.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ó ń pè, mo ń kọ. Ọ̀rọ̀ tí n kò bá rí nínú díṣọ́nárì mi, màá kọ ọ́ bí etí mi ṣe gbọ́ ọ, n kò sì tijú. Títí ìsinmi fi parí, mo ń kọ́ ọ ní Yorùbá, òun náà ń kọ́ mi ní Faransé tó ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ó fún mi ní orúkọ tó yàn fúnra rẹ̀: Màdámù Fèrèsé.

Nígbà tí mo padà sí Ọ̀yọ́, mo dáhùn ìbéèrè kan ní kíláàsì, Mísì sì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Níbo lo ti kọ́ èyí?"

"Nílé wa, Mísì."

Ó ní àwọn ará Párìsì kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí mo sọ ọ́ fún gbọ́ mi. Ó gé máàkì mi fún táàmù méjì gbáko. Ó tọ̀nà nínú òmíràn, mo sì bá a jiyàn lórí ìyókù. Síbẹ̀, nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, èmi ni mo gba ipò kìíní nínú Faransé.

Ṣáájú ìdánwò yẹn, nígbà ìsinmi Àjíǹde tí mo wà nílé, ni èsì lẹ́tà wa dé láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó, nígbà tí ìyàwó ti bí ọmọbìnrin kan. Gbogbo ilé péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kà, mo ń túmọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó ti kọjú sí Ìyá Àgbà fúnra wọn. Ìyá ìyàwó ń bẹ̀ wọ́n pé òun kò lè débẹ̀ láti wẹ ọmọ tuntun náà, kí wọ́n bá òun wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa sọ fún un pé ó ní ìyá àgbà kan lókèèrè.

Ìyá Àgbà fi etí gèlè nu ojú. Wọ́n dáhùn sókè bí ẹni pé obìnrin náà wà lójúde: "Mo gbọ́ o, ìyá. Mo gbọ́." Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Mú bírò rẹ. Kọ ọ́ sí i pé láàárọ̀ yìí ni mo wẹ̀ ẹ́, kò sì sunkún."